Ta Ló Ń Pọn Omi Ọ̀gá Yín?

Ilé Olúsọjí,
Glenn Dale, Maryland.
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹsàn-án, 1996.

Èyíwùnmí ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o jí? Ṣé ò ń rí oorun sùn lórí ibùsùn wọn? Mo kí ọ, mo kí ìwé tí ò ń kà, mo kí Jessica ọmọ òyìnbó tí ẹ jọ ń gbé yàrá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò tíì mọ ilé tí wọ́n ti bí i. Ọlọ́run tó gbé ọ kọjá òkun láti Ìlọrà kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé ìwé. Ohun tí ń gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ kò ní mọ yàrá rẹ. Àmín. Gbogbo wa níbí wà láàyè. Ẹ̀gbọ́n rẹ Sọjí ń lọ síbi iṣẹ́ ní Greenbelt, Túndùn ìyàwó rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀, èmi ń jókòó sójú fèrèsé, mo ń ka mọ́tò tó ń kọjá. Lọ́jọ́ Sátidé, mẹ́sàn-án péré ló kọjá kí n tó jẹun ọ̀sán. Ìlọrà kò dákẹ́ tó báyìí, àfi lóko.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ wúwo díẹ̀, nítorí náà wá ibi jókòó sí kí o tó kà á.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwé méjì àti fọ́tò kan ló wà nínú rẹ̀. Sọjí ka ìwé àkọ́kọ́ fún mi. Ó ní yunifásítì ti mú ọ mọ́ àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní kan tí wọn óò máa gbé ilé kan náà, tí wọn óò máa jẹun pọ̀, tí wọn óò máa kẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ nínú ilé ọ̀hún, tí àwọn olùkọ́ sì ní ọ́fíìsì nísàlẹ̀ ilé. Ó ní nítorí pé o kò tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, bàbá rẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó di ọjọ́ Ẹtì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn óò kó ẹrù rẹ lọ sí ilé mìíràn, wọn óò sì fi ẹlòmíràn sí àyè rẹ. Ó na bírò sí mi. Mo ní kó mú bírò rẹ̀ kúrò níwájú mi.

Èyíwùnmí, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe ọ̀gá kápẹ́ńtà. Kí ọmọ máa gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá, kó máa jẹ lọ́dọ̀ ọ̀gá, kó máa kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ ọ̀gá, èmi kò mọ orúkọ mìíràn tó ń jẹ́ ju ọmọ iṣẹ́ lọ. A kì í sì í gba ọmọ iṣẹ́ báyẹn. Bàbá ọmọ ni yóò fa ọmọ lọ́wọ́ wá, yóò wo ojú ọ̀gá, yóò wo ibi tí ọmọ yóò sùn, ẹlẹ́rìí méjì yóò jókòó, a óò sọ iye ọdún tí yóò lò. Ọ̀gá wo ló gba ọmọ mi láì rí ojú mi? Iṣẹ́ wo ló tilẹ̀ ń kọ́ ọ? Sọjí ní gbogbo rẹ̀ ni, ó ní lórí odò kan ṣoṣo tó gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé yín kọjá ni wọn óò ti kọ́ yín ní ìtàn, sáyẹ́ǹsì, ewì àti òfin, nítorí pé ohun gbogbo láyé ló so kọ́ra wọn. Mo ní ẹni tó lé eku méjì á pòfo, ká má tíì sọ ẹni tó lé mẹ́rin wọnú odò. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Nínú fọ́ọ̀mù yẹn kan náà, wọ́n béèrè oúnjẹ tí kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ. Mo dìde dúró. Ta ló ń kọ èèwọ̀ ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ rí? Sọjí ní kí ara ọmọ má baà wú ni wọ́n ṣe ń béèrè. Mo ní ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn.

Ìwé kejì tún burú jù ú lọ. Ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ ní Yorùbá, o ní iṣẹ́ tí olùkọ́ fún yín ni, kí kálukú bi àgbàlagbà ilé rẹ̀ léèrè: níbo ni ẹ ti ń rí omi nílùú yín, báwo ló ṣe jìnnà tó, ta ló ń pọn ọ́n? Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ni òyìnbó fẹ́ fi ọ̀nà odò Ìlọrà ṣe? Mo ká a, mo fi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ṣùgbọ́n fọ́tò yẹn gan-an ló kó jìnnìjìnnì bá mi. Ìwọ rèé nínú odò, omi dé orúnkún rẹ, o wọ bàtà rọ́bà, o gbé korobá lọ́wọ́, o tún ń rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ tí omi ti ń jáde lára ògiri, tó gbóná, tó tutù, kí ni wọ́n ń pọn omi odò sí? Mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá ló rán ọ. Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lónìí korobá omi, lọ́la igi ìdáná, lọ́túnla wọn á pọn ọmọ ọ̀gá sí ọ lẹ́yìn, ọdún á pé, o kò sì ní mọ bí wọ́n ṣe ń di ayùn mú.

Mo pè ọ́ lórí fóònù lójú ẹsẹ̀. Ohùn rẹ ló dáhùn. Ó ní o kò sí nílé. Mo ní, Èyíwùnmí, èmi bàbá rẹ ni. O kò kí mi. Nǹkan kan dún bí ọmọ ẹyẹ, ló bá dákẹ́. Túndùn ní ẹ̀rọ ni, ó ní o ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ta ló ń jókòó nílé rẹ̀ tí yóò máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò sí nílé, bí kì í bá ṣe pé ẹnì kan dúró tì í?

N kò sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe fún Sọjí. Lánàá, bí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti jáde, mo pe Moshood, ọmọ Ìṣẹ́yìn tó ń wa takisí, tó ń gbé ní Hyattsville, pé kó gbé mi lọ ṣọ́ ilé ọ̀hún. Ó ní kí n jẹ́ ká kọ́kọ́ pe ọmọ. Mo ní a kì í ránṣẹ́ sílé ẹni tí à ń ṣọ́ pé à ń bọ̀. Mo wọ agbádá mi, mo gbé kóòtù òtútù Sọjí lé e, a sì lọ jókòó sínú mọ́tò lábẹ́ igi kan lódìkejì títì. Mo kọ́kọ́ wo ilẹ̀kùn ilé náà. Igi gidi ni, ẹni tó ṣe é kò kánjú. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí Moshood mọ̀.

Nígbà tó yá, mo rí yín tí ẹ ń ti odò bọ̀, ẹ tó mẹ́wàá, ẹrẹ̀ kún gbogbo ara yín. Ìwọ gbé korobá kan, ọmọkùnrin onírun pupa kan gbé ọ̀kan. Obìnrin arúgbó kan ló kẹ́yìn, irun rẹ̀ ti funfun, ó gbé méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní wọ́n tún ń lo arúgbó! Ìwọ ti wọlé, o kò rí mi. Mo rán Moshood pé kó lọ béèrè irú ọmọ iṣẹ́ tí ìyá yìí jẹ́. Ó lọ, ó padà wá, ó ní ìyá náà ni ọ̀gá. Anna ni orúkọ rẹ̀. Ó ní wọn kì í mu omi náà, wọn kì í fi wẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹja ṣì lè gbé inú rẹ̀.

Mo tún rán an padà. Mo ní kó béèrè ìdí tí ọ̀gá fi ń gbé méjì nígbà tí ọmọ iṣẹ́ ń gbé ẹyọ kan. Ojú ń ti Moshood, ṣùgbọ́n ó lọ. Obìnrin náà juwọ́ sí mi láti ọ̀hún. Moshood padà wá, ó ní ìyá náà ní nítorí pé òun lòun nílò omi ni.

Moshood ń sọ̀rọ̀ títí a fi padà délé, n kò gbọ́ ìkankan.

O ó rántí Jàfárù. O kéré, ṣùgbọ́n òun ló máa ń gbé ọ sí èjìká lọ sí jẹ́léósinmi. Bàbá rẹ̀ fà á lọ́wọ́ wá bá mi, ó wo ojú mi, ó wo ibi tí ọmọ yóò sùn, ẹlẹ́rìí méjì jókòó, a sọ pé ọdún mẹ́rin. Gbogbo ètò pé pérépéré. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni Jàfárù ń lọ sódò fún mi. Bó bá ti odò dé, á lọ sóko mi. Mo máa ń sọ pé yóò kọ́ṣẹ́ tó bá di ọ̀la. Ọdún mẹ́rin pé, mo ní kò tíì mọṣẹ́. Ta ni kò kọ́ ọ? Ó tún lo ọdún méjì sí i. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n ṣàdúrà ìyọ̀ǹda fún òun kí òun náà lè ra ìfági tòun. Mo ní mo ń jẹun. Ó pẹ́ nílẹ̀ níbẹ̀ kó tó fúnra rẹ̀ dìde.

Ohun tí mo fi mọ ìwà ọ̀gá nìyẹn, ọmọ mi. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kankan. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Mo ti fọwọ́ sí ìwé rẹ. Wọn kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹlẹ́rìí, nítorí náà Sọjí àti Túndùn kọ orúkọ wọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kí wọ́n má rán ọ lọ sóko. Sọjí ní wọn kò ní oko. Mo ní kó ṣì wà níbẹ̀. Níbi èèwọ̀, mo kọ òkété, kí wọ́n má ṣèèṣì sè é fún ọ. Ojú mi kò tíì kúrò lára wọn o. Káàdì tí o sọ pé ẹ ń fà kẹ́ ẹ tó jẹun yẹn, tó ń ka iye ìgbà tí èèyàn jẹun, má jẹ́ kó mọ̀ tí ebi bá tún pa ọ́.

Bí wọ́n bá sanwó iṣẹ́ tí ò ń ṣe nílé ìkàwé fún ọ, jọ̀wọ́ fi ogójì dọ́là ránṣẹ́ sí mi. Má sọ fún Sọjí, yóò béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, n kò sì tíì lè sọ ọ́ lójú rẹ̀. Ìfági kan wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn oníirinṣẹ́ ní Hyattsville, Moshood fi hàn mí. Òun ń lọ sílé lóṣù Disẹ́ńbà, yóò gbé e dé Ìlọrà. Wọ́n ní ọ̀kadà ni Jàfárù ń gùn báyìí. Mo ti kọ àdúrà náà sínú ìwé, yóò bá ìfági náà lọ, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ mi.

Ìdáhùn iṣẹ́ tí olùkọ́ fún ọ nìyí. A máa ń rí omi ní odò. Ó jìnnà tó ibí sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Lanham, tí a ń wa mọ́tò lọ. Jàfárù ló ń pọn ọ́n. Kọ orúkọ rẹ̀ kó hàn dáadáa.

Ìwé á yé ọ. Omi odò kò ní gbé ọ lọ. Gbogbo ibi tí o bá ti ń kọ́ nǹkan láyé, o kò ní bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá bíi tèmi. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Kápẹ́ńtà Ìlọrà.