Mo Ka Fáìlì Ọkọ Àbúrò Mi ní Courthouse Kó Tó Fẹ́ Ẹ

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́... mo mọ̀. Mo mọ̀ pé ọkùnrin yẹn máa ń lu obìnrin bí ẹni ń lu ejò, ojú mi méjèèjì ni mo fi kà á nínú ìwé ìjọba, mo sì pa ẹnu mi dé, àbúrò mi sì fẹ́ ẹ. Àbúrò mi kan ṣoṣo, òun ni ìyá wa bí tẹ̀lé mi. Mo máa ń ka page yìí nínú ìwé ìròyìn yín dáadáa o, màá dúró nínú kitchen mi, màá máa dá sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, màá ní òmùgọ̀ lobìnrin yìí, kí ló ń wò? Ó ti wá kan èmi náà báyìí. Ẹ máa pe àbúrò mi ní Bọ́sẹ̀, kí ẹ máa pe ọkọ rẹ̀ ní Dayọ̀. Kì í ṣe orúkọ wọn.

Fondren Southwest ni mò ń gbé, nursing home ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọdún kẹjọ mi rèé ní Houston. Èmi ni mo mú Bọ́sẹ̀ wá síbí kó wá ka nursing. Kò tíì pé ọdún kan tó dé tí Dayọ̀ fi ní òun fẹ́ ẹ. Inú ìjọ wa ni Dayọ̀ wà, ó ń wa taxi, ó sì ń lọ school. Mi ò ní purọ́ fún yín, èmi gan-an fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Nígbà tí company epo dá ọkọ mi dúró lẹ́nu iṣẹ́, tí mọ́tò mi náà wá lọ kú sórí freeway, Dayọ̀ ló ń gbé àwọn ọmọ mi lọ sí daycare láràárọ̀ fún oṣù méjì gbáko. Tó bá rí mi ní parking lot, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, lójú àwọn òyìnbó! Ta ni ò ní fẹ́ràn irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Màmá wa wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọn ò mọ̀wé, kásẹ́ẹ̀tì la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, àwọn á sọ tiwọn ránṣẹ́, èmi náà á sọ tèmi. Nínú kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ Dayọ̀, wọ́n ní ìdílé rẹ̀ jìnnà sí tiwa, ó sì ti pẹ́ tó ti kúrò nílé, kò sẹ́ni tí àwọn lè rán lọ sí àdúgbò wọn láti bi wọ́n léèrè ìwà rẹ̀. Wọ́n ní èmi ni ojú àwọn níbí. Kí n wádìí rẹ̀ bí a ṣe máa ń wádìí kí á tó fọmọ fọ́kọ, ṣé oníjà ni, ṣé olè ni, ṣé kò ti níyàwó kan sí kọ̀rọ̀. Wọ́n ní ohun tí mo bá sọ làwọn máa gbà.

Ẹ̀yin náà ẹ sọ, báwo lèèyàn ṣe ń wádìí èèyàn ní Houston? Níbi tí ẹni tó ń gbé lókè rẹ ò mọ orúkọ rẹ? Ìyá kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ yìí, òun ló là mí lójú. Ó ní kí n lọ downtown, kí n lọ sí courthouse, pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti mú rí tàbí tí wọ́n bá ti gbé lọ sílé ẹjọ́ ní county yìí, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ló sì lè kà á. Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. Nílé wa ńkọ́, ta ló máa jẹ́ kí o fọwọ́ kan fáìlì ọlọ́pàá? Lọ́jọ́ tí mo wà ní off, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ sí pépà kékeré kan, wọ́n mú mi jókòó síwájú ẹ̀rọ kan tó dà bíi tẹlifíṣọ̀n, orúkọ èèyàn ń yí lọ nínú rẹ̀ bí omi... mo rí tiẹ̀. Nọ́ńbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fún obìnrin tó wà ní counter ní nọ́ńbà náà, ó gbé fáìlì wá. Kò bi mí pé ta ni mí, kò bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe.

Áà.

Ọdún mẹ́ta ṣáájú ni ẹjọ́ náà. Ìyàwó rẹ̀ ló fẹjọ́ sùn. Ìyàwó! Dayọ̀ tó ní òun ò tíì gbéyàwó rí! Obìnrin náà búra pé ó fi wáyà tẹlifóònù lọ́ òun lọ́rùn títí òun fi tọ̀ sára, ojú òun ṣú, nígbà tí òun jí, òun dojú bolẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó sì ń tẹ áyọ́ọ̀nù gbígbóná mọ́ òun lẹ́yìn. Eyín méjì ló yọ lẹ́nu rẹ̀. Dayọ̀ gbà pé òun jẹ̀bi, adájọ́ fún un ní probation, ó di dandan kó máa lọ fara hàn fún wọn lóṣooṣù. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kí wọ́n bá mi ṣe ẹ̀dà rẹ̀, mo ká a sínú báàgì mi, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn courthouse níta nínú oòrùn yẹn.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi gan-an ló kù yìí. Mo wo orúkọ obìnrin náà, mo rí i pé akátá ni, aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ yìí, ọkàn mi bá balẹ̀. Ẹ gbọ́ mi àbí? Ó BALẸ̀! Ṣé ẹ mọ ohun tí gbogbo wa máa ń sọ nínú parlour wa, pé àwọn akátá ló máa ń pe ọlọ́pàá sí àwọn ọkùnrin wa, pé ọ̀rọ̀ kékeré, wọ́n ti pe 911, pé wọ́n á fẹ́ ọmọkùnrin wa torí green card, wọ́n á sì bà á láyé jẹ́. Èmi náà ti sọ ọ́ àìmọye ìgbà. Mo pe Dayọ̀ wá sí apartment mi, mo na ìwé náà sí i. Ó kúnlẹ̀, ó sunkún, ó ní torí ìwé ìgbélùú ni òun ṣe fẹ́ obìnrin náà, ó ní obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló fi áyọ́ọ̀nù jó ara rẹ̀ kí ó lè sọ òun sẹ́wọ̀n, ó ní lọ́yà ló ní kí òun gbà kí wọ́n má baà dá òun padà sílé. Lẹ́yìn ara rẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi! Báwo lèèyàn ṣe ń fi áyọ́ọ̀nù jó ara rẹ̀ láàárín ẹ̀yìn? Mi ò béèrè. Mo nu omijé ojú rẹ̀ fún un. Mo bu ráìsì fún un, ó jẹ ẹ́ tán, ó tún béèrè ẹran sí i. Ká ní orúkọ ọmọ Yorùbá ni mo rí nínú ìwé yẹn, Ọlọ́run ń gbọ́, ṣe ni ǹ bá sáré gbé e tọ Bọ́sẹ̀ lọ láìwọ bàtà. Mo ki ìwé náà sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Mo tẹ kásẹ́ẹ̀tì, mo ní Màmá, mo ti wádìí rẹ̀ délé dóko, ọkùnrin náà ò lábùkù. Ìyá tó júwe courthouse fún mi bi mí níbi iṣẹ́ pé kí ni mo rí, mo ní mi ò rí nǹkan kan. Mi ò lè wo ojú rẹ̀, akátá ni òun náà bíi obìnrin inú fáìlì yẹn.

Ìgbéyàwó náà ti pé oṣù méje nígbà tí òjò kan rọ̀ lọ́sàn-án Thursday, títì kún dẹ́nu, bọ́ọ̀sì ò rìn. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì fi truck rẹ̀ gbé Bọ́sẹ̀ délé. Dayọ̀ rí wọn láti ojú fèrèsé. Ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ ẹ́ nìyẹn o, pé wọ́n gbé e délé nínú òjò! Complex kan náà la jọ wà, obìnrin Mexico tó ń gbé lókè wọn ló wá ń gbá ilẹ̀kùn mi bí ẹni fẹ́ fọ́ ọ, mi ò gbọ́ Spanish ṣùgbọ́n mo gbọ́ ojú rẹ̀. Mo sáré la omi kọjá. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Bọ́sẹ̀ dojú bolẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, wáyà tẹlifóònù lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn, ẹ̀jẹ̀ ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, ahọ́n rẹ̀ ti yọ síta... Dayọ̀ sì dúró lé e lórí, ó ń dúró kí áyọ́ọ̀nù gbóná. Ó ń dúró ni o! Ó ń fi ìka tọ́ ọ wò! Mi ò mọ ìgbà tí mo wọ kitchen wọn. Ọmọrogùn ni ọwọ́ mi bà, mo là á mọ́ ọn lórí, mo là á mọ́ ọn lẹ́nu, mo ń lù ú, mo ń pariwo, títí ọlọ́pàá méjì fi gbé mi kúrò lórí rẹ̀. Wọ́n ní mo gé ẹnì kan jẹ nínú wọn. Mi ò rántí.

Bọ́sẹ̀ ò kú. Ẹ bá mi dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan ti bàjẹ́ nínú ọ̀fun rẹ̀, ohùn rẹ̀ ò jáde mọ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló kù. Ní hospital, ọlọ́pàá bi í bóyá Dayọ̀ ti ṣe irú ẹ̀ rí, ó mi orí pé rárá. Mo wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ni mò ń wò.

Dayọ̀ ti gba bail. Àwọn àgbà ìjọ ti wá sí parlour mi, wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, iṣẹ́ Èṣù ni, kí Bọ́sẹ̀ lọ sọ fún lọ́yà ìjọba pé òun ò ṣẹjọ́ mọ́. Bọ́sẹ̀, tó wà lọ́dọ̀ mi báyìí, sì fẹ́ lọ. Oṣù tó ń bọ̀ ni ẹjọ́, ó ní kó tó di ọjọ́ náà, òun á ti padà sílé ọkọ òun. Mo ní ṣé orí rẹ pé ni? Ṣé ẹ mọ ohun tó fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yẹn sọ fún mi? Ó ní Sister mi, ẹ̀yin lẹ wádìí rẹ̀. Ẹ ní kò lábùkù. Ó ní ká ní ó ti ṣe é fún ẹnikẹ́ni rí láyé yìí ni, òun ò ní padà síbẹ̀ láéláé.

Ẹ lè sọ pé ìjọba fúnra wọn á rí fáìlì yẹn. Wọ́n lè ti rí i. Ṣùgbọ́n Bọ́sẹ̀ kì í dá wọn lóhùn, tí detective bá pè, á gbé fóònù kalẹ̀. Kí wọ́n tilẹ̀ sọ fún un, á ní irọ́ akátá ni, bí èmi ṣe sọ ọ́. Àfi kí ó jáde lẹ́nu mi. Tó bá sì jáde lẹ́nu mi, á wo ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sórí ẹ̀dà náà, á rí i pé ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí a ṣe ìgbéyàwó. Á mọ̀ pé èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi fà á lé e lọ́wọ́. Èmi ni ẹbí kan ṣoṣo tó ní nílẹ̀ yìí. Tó bá kọ̀ mí, ọ̀dọ̀ ta ló máa sá lọ, tí kò bá ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ pa á? Àbí kí n sọ fún ọkọ mi kó bá mi sọ ọ́? Àbí kí n ju ìwé náà sínú post láìkọ orúkọ? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àgbà tó fọwọ́ ara rẹ̀ yí orí ọmọ ńkọ́, kí ni kó ṣe? Ẹ má sọ fún mi pé kí n gbàdúrà. Mo ti gbà á.

Ẹ tètè dá mi lóhùn, ẹ dákun. Lánàá, Bọ́sẹ̀ gbé kásẹ́ẹ̀tì tuntun wá bá mi. Màmá ti gbọ́ fínrínfínrín nílé, wọn ò jẹun mọ́. Ó ní ọ̀fun òun ò lè sọ̀rọ̀ tó máa pẹ́, kí n bá òun sọ fún wọn pé àkọ́kọ́ rèé, pé Dayọ̀ ò ṣe irú ẹ̀ fún ẹnì kankan rí, pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, torí ohun tí èmi bá sọ ni wọ́n máa gbà. Ó ki kásẹ́ẹ̀tì bọnú rédíò, ó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, ó jókòó tì mí, ó ń wo ẹnu mi. Kásẹ́ẹ̀tì ń yí. Mo kí Màmá, mo béèrè àlàáfíà ilé, mo béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n... mo wá sọ fún Bọ́sẹ̀ pé ikọ́ ń ha mí, pé ká parí rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ó ṣì wà nínú rédíò. Kí ni kí n sọ síbi tó kù?