Agbéraga Kan, Ẹlẹ́kún Kan

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kejì, 2025

Kábíyèsí tún bẹ̀rẹ̀ lónìí. Dókítà Ọdúntán ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ másítà wa. Ogójì ìṣẹ́jú gbáko ló fi ń sọ pé kò sẹ́ni tó mọ ìwádìí tó òun ní gbogbo Ọ̀ṣun. Ìwádìí lórí kí ni? Lórí àwọn tó fẹ́ràn ara wọn jù! Díẹ̀ ló kù kí n bú sẹ́rìn-ín.

Oríṣi méjì ni ìwé sáíkọ́lọ́jì pín irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ sí. Ọ̀kan ń pariwo ara rẹ̀ káàkiri. Èkejì, jẹ́jẹ́ ni tiẹ̀. Ojú máa ń tì í, ọ̀rọ̀ kékeré á dùn ún wọ egungun, àmọ́ nínú lọ́hùn-ún ó gbà pé òun ni gbogbo ohun tó dára tọ́ sí. Oríṣi kìíní, mo ti ní ọ̀kan lọ́gàá.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kejì

Ẹsẹ̀ ń ro mí. Ìbéèrè ìwádìí tí wọ́n túmọ̀ láti inú ìwé òyìnbó ò ṣiṣẹ́ rárá. Mo bi Ìyá Rùkáyà tó ń ránṣọ nítòsí Ọjà Ọba bóyá wọ́n fẹ́ràn kí èèyàn máa yìn wọ́n. Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. Wọ́n ní ta ni kò fẹ́ kí wọ́n ki òun ní oríkì? Mo dé Àbẹ̀rẹ̀, mo bi àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bóyá wọ́n rò pé àwọn sàn ju ẹlòmíì lọ. "Ọlọ́run ló ń gbéni ga" ni gbogbo wọn ń wí. Òdo, òdo, òdo ni máàkì gbogbo wọn. Tá a bá tẹ̀ lé ìwé yìí, kò sí agbéraga kan ṣoṣo ní Òṣogbo. Irọ́ gbáà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kejì

Mo ti rí i! Mi ò bi wọ́n bí wọ́n ṣe rí mọ́. Ohun tí mò ń bi wọ́n báyìí ni pé: bí wọ́n bá kí àbúrò yín kí wọ́n tó kí yín níbi ìpàdé ẹbí, kí lẹ máa ṣe? Háà. Bàbá kan tó ti ń forúkọ Ọlọ́run dá mi lóhùn dìde lórí àga. Wọ́n ní àwọn á tú ìpàdé náà ká ni. Obìnrin kan ní òun ò ní sọ nǹkan kan, òun á kàn máa lọ sílé, òun ò sì ní bá wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́ta. Oríṣi méjèèjì, wọ́n jáde fúnra wọn. Ogún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni mo ti kọ. Iṣẹ́ mi nìyí. Orúkọ mi ló máa wà lórí ẹ̀.

Ẹlẹgẹ́ ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Phebe ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, ọmọ Iléṣà, a jọ wà ní kíláàsì, mo fi ọdún méjì jù ú lọ. "Àǹtí Mọ́rìn, èmi ò tiẹ̀ mọ nǹkan kan o" — bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Lánàá, mo ní kó tún ojú ìwé kan tẹ̀, ló bá bú sẹ́kún. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mo tún lọ ra mọ́ínmọ́ín fún un.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kejì

Ẹlẹgẹ́ ò gbé fóònù. Bóyá ara rẹ̀ ò yá.

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kejì

Akọ̀wé ẹ̀ka wa yọ́ sọ fún mi pé wọ́n ti fi ogún ìbéèrè náà ránṣẹ́ sí kọ́ńfúrẹ́ǹsì tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Iléṣà. Orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Kábíyèsí, olè. Á rí mi lọ́la.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kejì

Ojú tì mí. Mo wọlé tọ Ọdúntán, mi ò kí i, mo pè é lólè lójú gbogbo èèyàn. "Kí ni èmi Ọdúntán fẹ́ fi iṣẹ́ ọmọ kíláàsì ṣe?" ló fi dá mi lóhùn — agbéraga náà ni — ló bá yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi. Phebe ló fi ránṣẹ́. Orúkọ tiẹ̀ nìkan. Ó ti kọ̀wé sí Ọdúntán pé mo ti pa iṣẹ́ tì láti oṣù tó kọjá, pé ìyà ni mo fi ń jẹ òun, òun kàn ń fara dà á ni. Ọdúntán tiẹ̀ ti bi í pé Mọ́rìnọ́lá ńkọ́. Mo fojú ara mi kà á. Ọdúntán ní kí n kọ ẹjọ́ mi wá kó tó di ọjọ́ Ajé.

Èmi tí mò ń wá oríṣi kejì láti ilé dé ilé! Ó jókòó tì mí, ó ń jẹ mọ́ínmọ́ín.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Oṣù Kejì

Wọ́n ti gbọ́ pé mo fẹ́ kọ ẹjọ́, wọ́n wá kúnlẹ̀ sí pálọ̀ wa. Phebe, màmá rẹ̀, àti ìyàwó pásítọ̀ wọn láti Iléṣà. Màmá yẹn ju màmá mi lọ lọ́jọ́ orí, orúnkún méjèèjì nílẹ̀, wọ́n ń fi Ìjẹ̀ṣà bẹ̀ mí. Phebe ò sọ pé òun mú nǹkan kan. Ó ní òun mọ̀ pé òun ò já mọ́ nǹkan, kí n ṣáà dárí ji òun. Ẹkún. Mo ní ta ló kọ ìbéèrè? Ẹkún sí i. Màmá mi ń wò mí bíi pé èmi ni mo na ọmọ ọlọ́mọ.

"Àgbàlagbà wà lórí ìkúnlẹ̀, Mọ́rìnọ́lá," ni màmá mi wí. "Dá wọn lóhùn."

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo ní ó ti tán, mo ti dárí jì í. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n mu míníráà. Mi ò kọ ẹjọ́ kankan. Ta ló ń pe èèyàn lẹ́jọ́ lẹ́yìn tó ti gba ẹ̀bẹ̀?

Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Kejì

Ọdúntán pè mí. Phebe ti kọ̀wé sí i láàárọ̀: àwọn àgbà ti parí ọ̀rọ̀, Àǹtí Mọ́rìn sì ti yọ̀ǹda iṣẹ́ náà fún òun níwájú wọn. Ó kọ orúkọ màmá mi sí i pé wọ́n jẹ́rìí sí i.

Mo pe màmá mi. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé mi ò yọ̀ǹda nǹkan kan. Àmọ́ mo ti sọ pé ó tán, kí n jẹ́ kó tán, kí aráyé má baà máa pe àwọn ní ìyá ọ̀dájú.

Mo jókòó, mo kọ ẹjọ́ mi. Ojú ìwé mẹ́ta. Ohun tí mo kọ gbẹ̀yìn ni pé: "Mo sọ pé mo ti dárí jì í. Irọ́ ni mo pa, torí ìkúnlẹ̀ màmá rẹ̀." Mo fi ránṣẹ́ sí Ọdúntán, sí Phebe, sí ìyàwó pásítọ̀. Mo wá fi ránṣẹ́ sí màmá mi.

Màmá mi ti kà á.