Kọfí Tí Kò Yọ́

Imeri,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ẹ̀gbọ́n mi Abigail,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Mo lérò pé ara yín le, pé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́. Àlàáfíà ni àwa náà wà níbí. Màmá ń lọ sóko, wọ́n sì ń bú mi, nítorí náà ara wọn yá.

Ẹ ní bí mo bá ti Ọ̀wọ̀ dé kí n kọ̀wé, kí n má sọ ọ́ lórí fóònù, torí pé mo máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ju òkò. Mo lọ sílé Veronica lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn Máàsì, kí bàbá rẹ̀ lè rí mi, kí wọ́n sì sọ bóyá wọn yóò fún mi lọ́mọ. Ọkùnrin méjì ti lọ ṣáájú mi, wọn kò gbà fún wọn. 

Ẹ má bínú, n kò gbé kọfí inú agolo tí ẹ rà fún wọn lọ. Mo mọ̀ pé irú rẹ̀ ni bàbá Veronica ń mu láti ìgbà tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sè é níbòmíràn, wọ́n ti fa omi rẹ̀ gbẹ, òórùn rẹ̀ sì ti bá atẹ́gùn lọ kó tó dé ọwọ́ wa. Ó kàn ń korò ni, kò sí adùn kankan tó ń tẹ̀ lé e. Ẹ̀bà àná tí wọ́n tún fi omi gbígbóná rò ni. Nígbà tí igi kọfí tí Bàbá wa gbìn sáàárín kòkó ṣì ń so, kí ni n ó fi ti agolo ṣe?

Mo yan kóró kọfí tiwa nínú agbada gàrí Màmá, mo gún un lódó, mo dì í. Títí a fi dé Ọ̀wọ̀ làwọn èrò ọkọ̀ ń bèèrè ohun tó ń ta sánsán. Nílé wọn, èmi fúnra mi ni mo sè é nínú kẹ́tùlù. Ìgbà náà ni mo rántí pé n kò mú aṣọ tí a fi ń sẹ́ ẹ dání. Mo bù ú sí ife bẹ́ẹ̀.

Bàbá fi ṣíbí rò ó. Wọ́n rò, rò, rò. Ìyá Veronica ní bóyá omi náà ni kò gbóná tó, wọ́n sì bu òmíràn sí i. Bàbá tún rò ó. Veronica fọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, Bàbá wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ Imeri, kọfí rẹ kò yọ́ o."

Mo dáhùn kí n tó ronú: "Bàbá, kò ní í yọ́ títí di ọ̀la. Ẹ fi ṣíbí sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó tòrò."

Èmi tí mo wá tọrọ ọmọ ni mò ń pàṣẹ fún bàbá ọmọ. Veronica kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo ti ń fojú wá bàtà mi.

Bàbá fi ṣíbí sílẹ̀, wọ́n dúró. Nígbà tó tòrò, wọ́n mu díẹ̀, wọ́n gbé ife sún mọ́ imú, wọ́n tún mu. Wọ́n bi ìyàwó wọn bóyá èyí tí àwọn ń mu látẹ̀yìnwá tiẹ̀ ní òórùn. Ìyá ní òun rò pé bí kọfí ṣe ń rí nìyẹn. Bàbá wá yíjú sí mi.

"Àwọn méjì tó ṣáájú rẹ, mo ní ó dúdú, wọ́n ní ó dúdú, mo ní ó funfun, wọ́n ní ó funfun. N kò lè fi ọmọ mi fún ẹni tí a rò lẹ́ẹ̀kan tó ti yọ́. Sọ fáwọn ẹbí rẹ kí wọ́n máa bọ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀, n kò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo kọrin láti Ọ̀wọ̀ títí awakọ̀ fi bẹ̀ mí kí n sinmi.

Ẹ máa bọ̀ o, ẹ̀yin lẹ ó ṣáájú wa. Kí Ọlọ́run mú yín dé láyọ̀, kí ilé yín tòrò, kí ojú yín rí rere àwọn ọmọ yín.

Èmi ni àbúrò yín tí kì í gbọ́ràn,
Ọlámúyìwá.

Àfikún: Bí mo ṣe ń di lẹ́tà yìí ni ọlọ́kadà kan dé láti Ọ̀wọ̀. Bàbá Veronica ló rán an. Wọ́n ń bèèrè bóyá jíjẹ ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ife, nítorí àwọn ti jẹ tiwọn.