Bólúwají, Mo Jókòó Sórí Àga Rẹ

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ìyá wa fi kọjú sí ilẹ̀kùn kó tó kú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko, ní Iléṣà, lọ́dún 1997. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ti ilẹ̀kùn náà, nítorí Bólú ń bọ̀ láti Èkó. O ò dé. A sin ín, o ò sí níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ẹbí ti mọ̀ ọ́ sí ọmọ tí wọ́n pè tí kò jẹ́.

Àbúrò mi, ọdún márùn-ún rèé tí o lọ. Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ló pé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ti kọ ìrántí rẹ sínú ìwé ìròyìn ìjọ wa, ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà ni mi ò dárúkọ ìyàwó rẹ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ẹni tó bá ṣẹ̀ mí, mi kì í tètè gbàgbé. Bàbá wa ti kú tipẹ́, síbẹ̀ mo ṣì ń bínú sí i pé ó yọ mí kúrò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì kẹrin, kí n lè máa bá a ro oko kòkó, ó sì fi ìwọ sílẹ̀ níbẹ̀.

Lónìí, mo dárúkọ Evelyn.

Ọjọ́ ọdún ìbílẹ̀ rẹ̀ gan-an lo kú. Sáwìn ni wọ́n ń pè é, ọdún ìparí ìkórè tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ń ṣe ní Áyálàǹdì, tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tún gbé dìde ní Houston níbí. Wọ́n ní ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, aṣọ tó pín òkú níyà sí alààyè a máa fẹ́lẹ́. O gbé àwo kalẹ̀ ní kíṣìnnì yín ní Cypress, ọkàn rẹ dúró, o ṣubú. Mo sọ ọ́ nínú ìjọ pé Evelyn ló ṣílẹ̀kùn fún ohun tó wá mú ọ lọ. Mo sọ ọ́ léraléra. Ọ̀rọ̀ náà dé etí rẹ̀.

Nǹkan ti yí padà, Bólú. Ṣọ́ọ̀bù táyà tí o bá mi wá ní Sharpstown ṣì ń ṣí lójoojúmọ́, ọkọ̀ méjì ló ń wọbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà báyìí. Yàrá ẹ̀yìn tí o fi sílẹ̀ láìní òrùlé, Evelyn ti parí rẹ̀, igi tí o rà náà ló fi kàn án. Ìlérí ọmọ rẹ ti pé ọmọ ogún ọdún! Ó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó ti ga jù mí lọ, àmọ́ Dádì Sharpstown ló ṣì ń pè mí. Ẹ̀rín rẹ ló ń rín.

Ó fẹ́ lọ sílé ní Dìsẹ́ńbà láti rí sàréè ìyá wa. Ó bẹ̀ mí kí n bá òun sọ fún Ọládọ̀tun, olórí ẹbí. Ọládọ̀tun fèsì pé ọmọ ẹni tó kọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lójú ikú kò ní tẹ ilẹ̀ ilé náà, pé ẹnu ọ̀nà ni yóò ti padà. Mo gbọ́, mi ò wí nǹkan kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í lá àlá ìyá wa. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń wo ilẹ̀kùn.

Nígbà tí Ìlérí ní kí n wá bá àwọn jẹun Sáwìn, mi ò lè kọ̀ fún un. Ó ṣàlàyé fún mi lórí fóònù. Tí oòrùn bá ti wọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ títí ìyá òun yóò fi lu agogo. Wọn ó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ sílẹ̀, wọn ó tan àbẹ́là sójú fèrèsé. Lẹ́yìn oúnjẹ, kálukú yóò sọ ohun tí kò tíì sọ fún òkú. Ó tún sọ nǹkan kan nípa àga. Mi ò fetí sí ìyẹn. Sáàmù tí n ó kà kí n tó wọlé ni mo ń rò.

Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ láti àríwá lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ ò lọ dáadáa lójú ọ̀nà fúríwéè 290. Àwọn ẹyẹ dúdú kún orí wáyà lọ salalu, gbogbo wọn dákẹ́. Mi ò rí i kí wọ́n dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Oòrùn ti wọ̀ kí n tó dé. Mo fi òróró ìjọ kan iwájú orí, mo taari ilẹ̀kùn, mo wọlé. Evelyn àti Ìlérí ti jókòó. Mo rí àga ńlá kan ní ìpẹ̀kun tábìlì, tó kọjú sí ilẹ̀kùn, oúnjẹ ti wà níwájú rẹ̀. Níbo ni àgbà ń jókòó sí? Mo lọ jókòó síbẹ̀.

Evelyn lanu, ó tún pa á dé. Ìlérí fọwọ́ bo ẹnu. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni. Pòtétò tí wọ́n gún mọ́ ẹ̀fọ́ ló wà nínú àwo, èyí tí o máa ń pè ní iyán aláìlódó, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti orí ẹja gbígbẹ méjì. Mo ní nínú ọkàn mi pé òyìnbó yìí wá mọ ohun tó tọ́ sí àgbà nígbẹ̀yìn. Mo jẹ ẹ́. Mo jẹ orí ẹja kan tán.

Ìgbà tí mo nawọ́ sí ife omi ni mo rí awò ojú rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti nù ún, wọ́n ṣí apá rẹ̀ méjèèjì, ó kọjú sí mi. Mo wo ìpẹ̀kun kejì tábìlì náà. Àga kékeré kan wà níbẹ̀ láìsí ẹni lórí rẹ̀, àwo mímọ́ níwájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni tèmi. Oúnjẹ òkú ni mo ń jẹ, Bólú! Èmi tí mo ń gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta tí mo bá jẹun lójú àlá!

Mi ò lè dìde. Kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé kí n dìde. Láti orí àga rẹ, ilẹ̀kùn nìkan lèèyàn ń rí. Afẹ́fẹ́ taari rẹ̀, ó ṣí gbayawu. Àwọn ọmọdé tó wọ ìbòjú, tí wọ́n ń gba súìtì kiri bí wọ́n ti ń ṣe níbí lálẹ́ ọjọ́ náà, dúró lójú títì, wọ́n wo inú ilé, wọn ò yà. Iná àbẹ́là dọ̀bálẹ̀, ó tún dìde. Mo ń wo ilẹ̀kùn. Mo wo ilẹ̀kùn títí mo fi mọ bó ṣe rí fún ìyá wa.

Agogo dún. Evelyn sọ fún ọ ní Gẹ̀ẹ́sì pé òrùlé kò jò mọ́. Ó kan Ìlérí. Mo mọ̀ pé ṣe ló kọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá náà sórí, nítorí kò fi Gẹ̀ẹ́sì kankan kún un. Kò bá mi sọ̀rọ̀. Àga rẹ ló kọjú sí, èmi ni mo sì wà lórí rẹ̀.

"Dádì, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n pè yín, tí ẹ ò lọ?"

Ìwọ mọ èsì rẹ̀. O mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tí o dé ilé lẹ́yìn ìsìnkú, tí mo sọ̀rọ̀ lójú gbogbo ẹbí, tí o sì wò mí. Àbúrò kì í pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lópùrọ́ níwájú àgbààgbà. O dọ̀bálẹ̀, o bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí o ò ṣe. Lẹ́yìn náà, ìwọ kan náà lo ṣe ìwé tó gbé mi dé Houston. Èyí ló bí mi nínú jù.

Mo lanu. Mo ní, "Wọn ò pè é. Èmi ni Ìyá rán lọ sí póòsì-ọ́fíìsì kí n pè é lórí fóònù. Mo dúró níwájú fóònù náà, mi ò gbé e. Mo padà sílé, mo ní mo ti pè é, pé ó ń bọ̀. Mo fẹ́ kí Ìyá rí i pé ọmọ tó kàwé náà lè já èèyàn kulẹ̀."

Ìlérí ò sunkún. Evelyn dìde, ó gbé awò ojú rẹ kúrò níwájú mi. Ní àárọ̀ Sátidé, mo pe Ọládọ̀tun, mo tún un sọ. Ó gbé fóònù sílẹ̀. Mi ò tíì lá àlá ìyá wa láti ìgbà náà. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti lọ sinmi ni, tàbí ó ti wà lọ́nà, tó ń bọ̀ wá bá mi.

Evelyn kọ́ ló pa ọ́. Kí ìjọ kà á níhìn-ín bí mo ṣe sọ òdìkejì rẹ̀ sí wọn létí.

Ọdún márùn-ún, Bólú! Àárò rẹ ń sọ wá nílé, ó ń sọ mí ní ṣọ́ọ̀bù. Mo fẹ́ràn rẹ, mi ò sọ ọ́ fún ọ rí nígbà tí o wà láyé. O ò kọ ìyá wa sílẹ̀. Èmi ni mi ò pè ọ́.