Fèrèsé Tí O Yọ sí Ṣọ́ọ̀bù Mi

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ìgboro gbé ọ mì. Má bínú sí ìkọ̀wé mi tó rí wúruwùru, wàá gbọ́ ìdí rẹ̀. Bàbá rẹ ń kí ọ, ikọ́ tó ń wú ti lọ, ariwo ẹnu rẹ̀ nìkan ló kù.

Ọ̀rọ̀ wẹ́ẹ́bùsáìtì tí o ṣe fún ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ti dà rú mọ́ mi lójú. O ní íńtánẹ́ẹ̀tì dà bí ọ̀nà tó so gbogbo ayé pọ̀, pé wẹ́ẹ́bùsáìtì ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá ọ̀nà, pé línkì ló ń mú èèyàn débẹ̀, pé páswọ́ọ̀dù sì ni kọ́kọ́rọ́. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n o tún ní tọ̀sán-tòru ló ń ṣí sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni níbikíbi lè máa wò mí nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Kí wá ni kọ́kọ́rọ́ ń ṣe?

Láti ọjọ́ náà ni ara ò ti rọ̀ mí. Mi ò lè họ ẹ̀yìn, mi ò lè sín bó ṣe wù mí. Tí mo bá dé láàárọ̀, màá kọjú sí ibi ògiri tí o dúró sí ya fọ́tò, màá kúnlẹ̀ díẹ̀ kí n tó kí àwọn tó ń wò mí, torí mi ò mọ̀ bóyá àgbà wà nínú wọn. Bàbá rẹ ò jẹ́ wọ síńgílẹ́ẹ̀tì kọjá mọ́. Oníbàárà kan tó fẹ́ kí n wọn òun, mo sọ fún un pé gbogbo ayé ń wò wá, ló bá kó aṣọ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ wá gún mi lọ́wọ́ ọ̀tún, tí ọwọ́ wú, mi ò pè ọ́, torí o ní ojoojúmọ́ lo ń wò mí. Mo kàn gbé ọwọ́ náà sókè sí ògiri, mo tú báńdéèjì kí o lè rí i dáadáa. O pè ní Sunday, o ní o ń rí mi, pé ara mi ń dán. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Bàbá rẹ ní bóyá dátà rẹ ló tán.

Lánàá ni agẹrun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa ṣí wẹ́ẹ́bùsáìtì náà lórí fóònù rẹ̀. Mo rí ara mi nínú bùbá aró, mo ń rẹ́rìn-ín lórí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán tipẹ́, ọwọ́ mi méjèèjì pé. Mo gbé ọwọ́ sókè, ẹni inú fóònù ò gbé tirẹ̀. Agẹrun ní fọ́tò lásán ni, èyí tí o yà nígbà tí o wálé kẹ́yìn.

Ìyẹn ni pé obìnrin yẹn ni o ń wò lójoojúmọ́. Ara tirẹ̀ le.

Owó tí mo fẹ́ tọrọ lọ́tẹ̀ yìí, má fi ránṣẹ́. Fi wọ ọkọ̀ wálé. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ títí wàá fi dé, ọ̀nà rẹ á là. Ẹnu ọ̀nà ni kí o gbà wọlé o, kì í ṣe fèrèsé íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn. Ọwọ́ òsì tí mo fi kọ lẹ́tà yìí náà ni màá fi gbà ọ́ mọ́ra, má kà á sí àrífín.

Èmi ni, ìyá rẹ.