Ẹ̀tọ́ Alájá Lórí Àga Bàbá

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Kẹta, 1838
Alájá, ọlọ́lá ìlú wa tó ń kó ajá ọdẹ kiri, fẹ́ tà wá. Ìjọ wa ló fẹ́ tà, àmọ́ kí ló kù níbẹ̀? Òun ló ni ilẹ̀ Marlingfold, ìdílé rẹ̀ ló ń yan àlùfáà látayébáyé, àwọn ló yan Bàbá mi. Nídìí oúnjẹ wa níbí ló ti ṣèlérí pé bí Bàbá bá kú, Tobias lòun máa fi sípò. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Tẹ́tẹ́ ẹṣin ti jẹ ẹ́ tán báyìí, ó fẹ́ ta ẹ̀tọ́ yíyan ẹni tó kàn fún ọlọ́tí kan ní Norwich, tó ní ọmọkùnrin kan tó fẹ́ di àlùfáà. Lọ́sàn-án Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa tọwọ́ bọ̀wé.

Tobias ni igbákejì Bàbá. Ọdún kẹsàn-án rèé tí a ti ń fẹ́ra. Owó igbákejì ò lè gbéyàwó. Bí ọmọ ọlọ́tí bá dé, èmi náà á kó jáde nílé àlùfáà yìí.

Mo se ọ̀dùnkún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6
Ọlọ́tí wá wo Bàbá, ó gbé kéèkì dání. Ó dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń gbọ́ bí Bàbá ṣe ń wúkọ́, ojú rẹ̀ sì ń mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàbá ní, "Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Àbí kí n yanu kí ẹ wo eyín mi? Bí wọ́n ṣe ń ra ẹṣin nìyẹn." Ọlọ́tí ní háà, Bàbá Àlùfáà, ẹ ṣì máa pẹ́ láyé. Irọ́! Kò gbàdúrà ẹ̀.

Nígbà tó lọ tán, Bàbá bi mí ohun tí òfin wí. Mo ní bí àlùfáà bá kú kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé, títà ti di èèwọ̀, Alájá gbọ́dọ̀ yan èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ó kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi ni.

Ọjọ́rú, 7
Alájá rán dókítà wá — ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ kan ilé wa láti ìgbà òtútù! Dókítà ní wọ́n ní kí òun ṣáà gbé ẹ̀mí Bàbá dé Ọjọ́ Sátidé. Ó fi ṣe àwàdà.

Bàbá ní kí n gbé ife oògùn sílẹ̀, òun á mu ún. Nígbà tí mo padà, ife ti ṣófo, ìkòkò ìtọ̀ sì ń rùn bí oògùn. Mo gbé e lọ dà. Mo fọ ife náà.

Ọjọ́bọ̀, 8
Bàbá ò fẹnu kan omitoro. Ó ní, "Ọjọ́ wo la wà?" Mo ní Ọjọ́bọ̀. Ó ní ilẹ̀ yìí mà ń pẹ́ ṣú o. Ológbò ló la omitoro náà. Ó yẹ kí n sunkún, ẹkún ò wá. Bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni mo fi ń ṣiṣẹ́.

Tobias wá gbàdúrà kí ara Bàbá yá. Ó gbà á tọkàntọkàn. Mo ṣe àmín.

Ọjọ́ Ẹtì, 9
Bàbá kú láàárọ̀, bí mo ṣe ń ṣí fèrèsé. Ìránṣẹ́ Alájá wà lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ jọ̀ọ́, sísí, ọ̀gá ní bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kí ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n lu agogo títí ọ̀sán á fi pọ́n." Mo ní mo gbọ́. Mo gba ẹ̀yìn ilé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo fa okùn agogo fúnra mi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án, bí a ṣe ń lù ú fún ọkùnrin tó kú, lẹ́yìn náà iye ọdún rẹ̀. Gbogbo àwọn tó wà lóko ṣí fìlà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13
A sin ín. Òjò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 31
Alájá ti yan Tobias. Ojú ló ti Alájá. Gbogbo ìlú ló mọ̀ nípa ìlérí yẹn. Àwọn obìnrin ń kí mi kú oríire. Mò ń dáhùn.

Lọ́jọ́ Ajé ni Tobias máa búra níwájú bíṣọ́ọ̀bù. Lálẹ́ yìí ó jókòó sórí àga Bàbá, ó ń fi ìbúra náà kọ́ra, ó ní kí n máa tẹ́tí bóyá òun á ṣì í. "Èmi kò san ohunkóhun, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò bá mi san ohunkóhun, ní gbangba tàbí ní ìkọ̀kọ̀, kí n lè rí ipò yìí gbà." Ohùn rẹ̀ já gaara. Inú rẹ̀ mọ́. Ó gbójú sókè, ó ní, "Thirza mi, ṣé mo kà á dáadáa?"

Mo ní ó kà á dáadáa.