Òkè Tó Ṣí Kúrò Láyè Rẹ̀

Adágún Kestrel, Montana
Oṣù Kẹsàn-án, 1911

Àǹtí Orpha mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Ikọ́ Anselm ọkọ mi ti lọ, màlúù wa ti bímọ, ayọ̀ ìgbéyàwó ò sì tíì jẹ́ kí n fẹsẹ̀ tẹlẹ̀.

Fọ́tò òkè àti adágún tí ẹ fi ta wá lọ́rẹ la fi ń wá ibi tí Bàbá Àgbà kọ́ ahéré onígi rẹ̀ sí, ká lè kọ́lé tiwa síbẹ̀ kí yìnyín tó dé. A wá a títí, òkè ò bá fọ́tò mu.

Anselm ní, “Ṣé òkè ló ṣí kúrò ni?”

Mo ní, “Ṣebí ìwọ ni ayafọ́tò.”

Níbi tí mo ti ń dirun lánàá, mo rí fọ́tò náà nínú dígí, òkè sì wà láyè rẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ló yí gíláàsì tí wọ́n fi ya àwòrán náà sódì, tí ọ̀tún fi di òsì. A sáré lọ sí òdìkejì adágún, a sì bá òkúta ààrò Màmá Àgbà nínú koríko.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òwú di gíláàsì náà tó wà lọ́dọ̀ yín ránṣẹ́, kí Anselm tún fọ́tò náà tẹ̀. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Orí òkúta yẹn ni mo ti se ẹ̀wà alẹ́ àná. Ó jóná, Anselm sì jẹ ẹ́ tán.

Ọmọ yín,
Thirza